Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Propẹ́là Tó Bá Ọkọ̀ Ojú Omi Ẹbí Yín Mu

Bàbá, ìyá àti ọmọ méjì wà nínú ọkọ̀. Ọmọ kẹta wà nínú omi lẹ́yìn, ski (pákó tí a fi ń yọ̀ lórí omi) wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó di okùn mú. Ẹni tó ń wakọ̀ ti ọwọ́ iná (ọ̀pá tí a fi ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo) síwájú tán. Ẹ́ńjìnnì ń pariwo, iwájú ọkọ̀ nà sókè, ìdí rẹ̀ rì, ọmọ mu omi títí ó fi jọ̀wọ́ okùn. Wọ́n gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, bákan náà ló rí. Ẹnu kò ní pẹ́ dé orí ẹ́ńjìnnì: wọ́n á ní agbára rẹ̀ kéré, àfi kí wọ́n ra èyí tó tóbi jù ú lọ. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ́ńjìnnì ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Propẹ́là, ìyẹn irin alápá tó ń yí nínú omi nídìí rẹ̀ láti ti ọkọ̀ síwájú, ni kò bá ẹrù tó ń gbé mu.

Ohun tó ń fa á ni pé nọ́ńbà la fi ń ra propẹ́là. Ẹni tí tirẹ̀ fọ́ á ra irú rẹ̀ gẹ́lẹ́, kò ní béèrè bóyá èyí tó fọ́ náà dára fún ọkọ̀ látilẹ̀. Ẹlòmíràn á dé ọ̀dọ̀ olùtajà, wọ́n á ní, "Ọ̀gá mi, ẹ gba 19, òun ló ń fò," á sì sanwó. Mítà rpm ọkọ̀ yín, èyí tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, nìkan ló lè sọ èyí tó yẹ kí ẹ rà, ẹ sì gbọ́dọ̀ bi í nígbà tí ẹrù tí ẹ máa ń gbé bá wà nínú ọkọ̀.

Ọkọ̀ fáíbà tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 16 sí 20, tó ní ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo lẹ́yìn, láti 60 dé 150 hp (agbára ẹṣin), ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún: irú èyí tí ẹbí ń gbé lọ sí Tarkwa Bay tàbí Ìlàṣẹ létí òkun Èkó lópin ọ̀sẹ̀, tí wọ́n sì fi ń fa ọmọ lórí ski tàbí lórí táyà. Àpẹẹrẹ tí a ó máa lò ni ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 18 tó ní ẹ́ńjìnnì Yamaha F115.

Ohun tí ẹ nílò

Àkọ́kọ́ ni ìwé ẹ́ńjìnnì yín. Nọ́ńbà méjì la ń wá nínú rẹ̀. Ọ̀kan ni iye rpm tó yẹ kí ẹ́ńjìnnì dé nígbà tí ọwọ́ iná bá wà níwájú tán. Ti F115 òde òní jẹ́ 5300 sí 6300. Ti ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì 115 hp láti ọ̀dọ̀ Mercury àti Suzuki jẹ́ 5000 sí 6000. Ìkejì ni ìwọ̀n gíà, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí kí propẹ́là tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ti F115 jẹ́ 2.15. Ẹ má gba nọ́ńbà yìí lẹ́nu ẹnikẹ́ni; ẹ́ńjìnnì méjì tí agbára wọn dọ́gba lè ní ìwọ̀n gíà tó yàtọ̀ síra.

Lẹ́yìn náà:

- mítà rpm tó ń ṣiṣẹ́
- fóònù tó ní GPS, kí ó máa ka kìlómítà ní wákàtí kan
- ìwé kékeré àti pẹ́ńsù, nítorí bíró kì í kọ sórí ìwé tó tutù
- máákà tí omi kì í fọ̀
- sípánà tó bá nọ́ọ̀tì propẹ́là mu, igi pẹlẹbẹ kan, píìnì tuntun tó ń di nọ́ọ̀tì náà mú, àti gírísì tí omi iyọ̀ kì í fọ̀ dànù
- jákẹ́ẹ̀tì ìgbàlà fún gbogbo ẹni tó máa wọ ọkọ̀

Ẹ tún nílò ẹrù. Bí ẹbí ò bá lè wá lọ́jọ́ ìdánwò, ẹ rọ omi kún kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Mẹ́ta nínú rẹ̀ tó ìwọ̀n àgbàlagbà kan.

Ìpele 1: Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ọkọ̀ ló ń ṣàìsàn

Ẹ má tíì fọwọ́ kan propẹ́là. Ẹ fa ọkọ̀ jáde kúrò nínú omi, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ń sùn sínú ọ̀sà, pàápàá nítòsí ẹnu òkun tí iyọ̀ ti ń wọ omi, ìkarahun kéékèèké àti ewé omi á lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́. Abẹ́ tó bá ti rí ṣágiṣàgi bẹ́ẹ̀ ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì ju bí propẹ́là tuntun ṣe lè dá a padà lọ. Ẹ ha á, kí ẹ fọ̀ ọ́.

Ẹ gbọ́n omi tó wà nínú ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Lítà kan omi, kílò kan ni. Ẹ yẹ asẹ́ epo (fílítà) wò, bí omi bá wà nínú epo, kò sí propẹ́là tó máa wò ó sàn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo irin pẹlẹbẹ tó wà lókè propẹ́là. Ó yẹ kí ó ṣe déédéé pẹ̀lú ìsàlẹ̀ ọkọ̀, tàbí kí ó fi bí íńṣì kan ga jù ú lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá rẹlẹ̀ jù, omi á máa dì í mú. Bí ó bá ga jù, propẹ́là á máa fa afẹ́fẹ́ láti ojú omi, á sì máa yí lásán.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: wọ́n gba mítà rpm gbọ́. Ọ̀pọ̀ mítà àtijọ́ ní bọ́tìnnì kékeré kan tí a ń yí lẹ́yìn rẹ̀, òun la fi ń bá ẹ́ńjìnnì ṣe déédéé. Bí ẹni tó so ó kò bá gbé e síbi tó yẹ, mítà á máa purọ́ lójoojúmọ́. Ẹ ní kí mẹkáníìkì so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì wéra.

Ẹ̀rí pé ìpele yìí ti parí: abẹ́ ọkọ̀ ń dán, inú rẹ̀ gbẹ, omi ò sí nínú asẹ́ epo, mítà àti kọ̀ǹpútà sì ń sọ ohun kan náà.

Ìpele 2: Ẹ ka ohun tó wà lára propẹ́là

Ẹ wo ara propẹ́là tàbí inú ihò àárín rẹ̀. Ẹ máa rí ohun tó jọ 13¼ × 19. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ òbìrí tí orí àwọn apá rẹ̀ ń yí, ní íńṣì. Ìkejì ni pitch, òun sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dá lé. Bí ẹ bá ń yí ìṣó oníyíyí (skúrù) wọ inú pákó, ó ní ibi tó ń wọlé dé nígbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Pitch 19 túmọ̀ sí pé, ká ní omi le bíi pákó, propẹ́là á fi íńṣì 19 lọ síwájú nígbàkigbà tó bá yí.

Omi kò le bẹ́ẹ̀. Propẹ́là máa ń yọ̀ díẹ̀, a ó sì ṣírò yíyọ̀ náà ní ìpele kẹrin.

Pitch tó ga fẹ́ rìn jìnnà nígbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń béèrè agbára púpọ̀. Pitch tó kéré ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí fúyẹ́, kí ó sì tètè gbé ẹrù. Nítorí náà, 19 kì í yára ju 17 lọ àfi bí ẹ́ńjìnnì bá lágbára láti yí i dé ibi tó yẹ.

Ẹ kọ àwọn nǹkan mìíràn sílẹ̀: apá mélòó ló ní, ọwọ́ wo ló ń yí sí (ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo sábà máa ń yí sí ọ̀tún), eyín mélòó ló wà nínú ihò àárín rẹ̀. Lẹ́tà tí Yamaha ń kọ tẹ̀lé nọ́ńbà, bíi K tàbí M, ń sọ irú ìdí ẹ́ńjìnnì tó lè wọ̀ ọ́. Ẹ má fò ó. Ẹ fi ìka tọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn apá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí i pé ó tẹ̀ wọlé díẹ̀ bí ètè, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ètè yẹn máa ń fa rpm wálẹ̀. Òun ló fà á tí 17 ilé iṣẹ́ kan fi lè ṣe bíi 18 ti òmíràn.

Ìkìlọ̀: họ́ọ̀bù rọ́bà wà láàárín irin propẹ́là àti ọ̀pá tó ń yí i. Bí propẹ́là bá lu igi, rọ́bà yẹn ló yẹ kó yọ̀ kí gíà má bàa fọ́. Lẹ́yìn tó bá ti yọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà kan, ó lè máa yọ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá fún ẹ́ńjìnnì níná, ẹ ò sì ní rí i lójú. Ẹ fi máákà fa ìlà kan ṣoṣo láti ara họ́ọ̀bù dé ara irin propẹ́là. Ẹ wa ọkọ̀ pẹ̀lú agbára fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ pa á, kí ẹ wò ó. Bí ìlà náà bá ti gé, tí apá kan rẹ̀ wà níbí tí èkejì wà lọ́hùn-ún, họ́ọ̀bù ti kú. Ẹ má ṣe ìdánwò kankan pẹ̀lú rẹ̀.

Ìpele 3: Ìdánwò lórí omi

Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà, ibí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń kánjú. Ẹni tó bá dán ọkọ̀ wò lóun nìkan, tí epo kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin táǹkì lọ, ti mú nọ́ńbà tí kò ní wúlò fún un lọ́jọ́ tí ẹbí bá wọlé.

Ẹ lọ ní òwúrọ̀, kí atẹ́gùn òkun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ wá ibi tó jìn, tó gbòòrò, tí kò sí àwọ̀n apẹja, tí ọkọ̀ èrò kì í sì í gbà kọjá. Ẹ so okùn ìpanáa, èyí tó ń pa ẹ́ńjìnnì bí awakọ̀ bá ṣubú, mọ́ ara ẹni tó ń wakọ̀. Ẹ rọ epo dé ìdajì táǹkì. Lítà 100 epo fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó àgbàlagbà kan, nítorí náà kí ó má jẹ́ pé ó kún lónìí, ó gbẹ lọ́la.

1. Ẹ gbé ẹrù tó pọ̀ jù lọ tí ẹ máa ń gbé: gbogbo ẹbí, kúlà, okùn, ski. Ẹ tẹ ẹ́ńjìnnì wọlé tán pẹ̀lú bọ́tìnnì trim, èyí tó ń tẹ ìdí ẹ́ńjìnnì wọlé tàbí kí ó gbé e sókè.

2. Láti ibi tí ọkọ̀ ti dúró, ẹ ti ọwọ́ iná síwájú tán láìjá a gbà. Kí ẹnì kan máa ka àkókò lórí fóònù títí iwájú ọkọ̀ fi wálẹ̀ tí ọkọ̀ sì jókòó sórí omi. Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú-àáyá náà sílẹ̀.

3. Bí ọkọ̀ ti ń lọ, ẹ máa gbé trim sókè díẹ̀díẹ̀. Rpm á máa gòkè, ọwọ́ ìtọ́kọ̀ á sì fúyẹ́. Nígbà tó bá yá, ọ̀kan nínú méjì á ṣẹlẹ̀: ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jó sókè-sódò, tàbí rpm á fò sókè láìjẹ́ pé eré pọ̀ sí i. Ẹ dá trim padà díẹ̀ títí yóò fi balẹ̀.

4. Ẹ fi ọwọ́ iná síbẹ̀ títí rpm àti eré kò fi ní gòkè mọ́. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀.

5. Ẹ yí padà, ẹ tún un ṣe ní ìdojúkọ. Omi òkun tó ń wọlé tó ń jáde ní ẹnu ọ̀nà òkun Èkó lè fi kìlómítà púpọ̀ kún eré yín tàbí kí ó yọ ọ́ kúrò. Ẹ ro eré méjèèjì pọ̀, kí ẹ pín in sí méjì.

6. Ẹ sọ ẹrù kalẹ̀, kí ó ku awakọ̀ àti ẹnì kan. Ẹ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìkìlọ̀: bí rpm bá fẹ́ kọjá òpin tó wà nínú ìwé, ẹ fa ọwọ́ iná sẹ́yìn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé "ó kọjá". Kò sídìí láti mọ bó ṣe máa kọjá tó. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì jẹ́ tuntun tí kò tíì ṣiṣẹ́ wákàtí 10, ẹ mú sùúrù. Ìwé rẹ̀ á sọ ìgbà tí ẹ lè fún un níná tán.

Ẹ̀rí: nọ́ńbà tí ẹ rí nígbà àlọ àti àbọ̀ kò jìnnà síra ní rpm. Bí ó bá ju 100 lọ, trim yín kò dọ́gba. Ẹ tún un ṣe.

Ìpele 4: Ìṣirò

Ká ní ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ nìyí. Pẹ̀lú ẹrù kíkún: 5200 rpm, eré kìlómítà 58 ní wákàtí kan. Pẹ̀lú ènìyàn méjì: 5500 rpm, eré 62. Pitch 19, apá mẹ́ta.

Òfin tó wà níbẹ̀ kò gùn. Nígbà tí ọkọ̀ bá wúwo jù lọ, rpm kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òpin ìsàlẹ̀. Nígbà tó bá fúyẹ́ jù lọ, kò gbọ́dọ̀ kọjá òpin òkè. Ẹ wo àpẹẹrẹ wa: 5200 ti wà lábẹ́ 5300. Ẹ́ńjìnnì tí iná rẹ̀ ṣí tán tí kò lè yí dé ibi tó yẹ ń jìyà. Ooru á pọ̀ nínú rẹ̀, èéfín dúdú á máa dì mọ́ orí písítọ̀nù, tó bá sì pẹ́, písítọ̀nù náà á bàjẹ́. Ariwo rẹ̀ kì í pọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń wakọ̀ kì í fi í mọ̀. Mo bẹ̀rù èyí ju kí rpm ga díẹ̀ lọ, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní ní ohun tó ń dá wọn dúró bí wọ́n bá fẹ́ yí kọjá àlà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹrù tó ju agbára wọn lọ.

Fún ọkọ̀ tó ń fa ènìyàn, ẹ jẹ́ kí ẹrù kíkún gbé yín dé àárín àlà náà tàbí kí ó fi díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àárín 5300 sí 6300 ni 5800. A nílò 600 rpm sí i.

Íńṣì kan tí ẹ bá yọ nínú pitch máa ń fi bíi 150 sí 200 kún rpm. 600 pín sí 200 jẹ́ 3. 600 pín sí 150 jẹ́ 4. Èyí á gbé wa dé 16 tàbí 15. Ẹ wá fi ọkọ̀ fífúyẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò: 5500 pẹ̀lú 600 jẹ́ 6100, ó ṣì wà nínú àlà. Bí a bá yọ íńṣì 4, ó lè dé 6300 gan-an, ìyẹn sì ti kan òrùlé. Nítorí náà 16 ni ká mú.

Ẹ tún ṣírò yíyọ̀. Ẹ mú rpm, ẹ fi pitch sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ pín in sí ìwọ̀n gíà tí ẹ ti fi 656 sọ di púpọ̀. Ohun tí ẹ bá rí ni kìlómítà tí ọkọ̀ ì bá máa rìn ní wákàtí kan ká ní propẹ́là kì í yọ̀.

5200 × 19 = 98,800
2.15 × 656 = 1,410
98,800 ÷ 1,410 = 70

GPS sọ pé 58. Ó ku 12. 12 nínú 70 jẹ́ bíi ìdá 17 nínú 100. Fún ọkọ̀ ẹbí, láàárín 10 sí 20 kò burú. Bí ó bá kọjá 25, ẹ padà sí ìpele kìíní àti ìkejì: propẹ́là ń fa afẹ́fẹ́, tàbí họ́ọ̀bù ń yọ̀, tàbí apá kan ti tẹ̀. Bí ẹ bá sì rí 3, tàbí tí ọkọ̀ yín ń sáré ju ohun tí ìṣirò sọ lọ, ẹ má tíì dunnú. Nọ́ńbà kan nínú èyí tí ẹ lò kì í ṣe òótọ́, ìwọ̀n gíà ló sì sábà máa ń jẹ́.

Ẹ wo ohun tí 16 á ṣe. Bí rpm bá dé 5750, tí yíyọ̀ sì wálẹ̀ sí bíi 14 nítorí pé propẹ́là ń di omi mú dáadáa, eré á jẹ́ 56. Kìlómítà méjì péré la pàdánù, ẹ́ńjìnnì sì ti bọ́ nínú ìyà.

(Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà, tí ẹ ń gbé ọkọ̀ lọ sórí omi orí òkè, ẹ ní ìṣirò kan sí i. Ẹ́ńjìnnì ń pàdánù bíi ìdá 3 nínú 100 agbára rẹ̀ fún mítà 300 kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gùn. Lake Tahoe ga tó mítà 1,900, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdá kan nínú márùn-ún. Propẹ́là tó dára létí òkun á wúwo jù níbẹ̀.)

Ìpele 5: Apá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, aluminiọ́mù tàbí steńlẹ́ẹ̀sì

Lójú tèmi, ọkọ̀ tó ń fa ọmọdé yẹ kó lo apá mẹ́rin. Ó ń di omi mú láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń tètè gbé ọkọ̀ dìde, kì í tètè fa afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹ bá ń yí ọkọ̀, ó sì ń jẹ́ kí ọkọ̀ lè dúró lórí omi ní eré tí kò pọ̀. Ọmọ tó ń kọ́ ski kò nílò ju bíi 20 sí 25 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Ọkọ̀ tó bá ń rì padà nígbà tí eré rẹ̀ bá wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ á máa fi ìgbì da ọmọ nù. Ohun tí ẹ máa pàdánù ni eré díẹ̀ lókè. Apá mẹ́rin máa ń fa rpm wálẹ̀ bíi 50 sí 100, nítorí náà ẹ yọ íńṣì kan sí i: 15 alápá mẹ́rin dípò 16 alápá mẹ́ta.

Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà tó ń gun ski kan ṣoṣo ni ẹ ń fà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Wọ́n ń fẹ́ 48 lọ sókè. Nínú ìdíje àgbáyé, 58 ni eré tó pọ̀ jù lọ fún ọkùnrin, 55 fún obìnrin. Níbẹ̀, alápá mẹ́ta tó dára tó.

Ní ti irin, steńlẹ́ẹ̀sì le, apá rẹ̀ tín-ín-rín, kì í tẹ̀ nígbà tí agbára bá pọ̀, ó sì ń sáré ju aluminiọ́mù lọ díẹ̀. Owó rẹ̀ máa ń tó ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ẹ rántí irú omi tí ẹ ń rìn. Gẹdú tí wọ́n ń gbé gba orí ọ̀sà máa ń já kúrò nínú èyí tí wọ́n so pọ̀, á sì máa léfòó, orí nìkan ló ń yọ. Bí aluminiọ́mù bá lu irú rẹ̀, apá rẹ̀ á tẹ̀ tàbí kí ó kán, ẹ sì máa ra òmíràn. Steńlẹ́ẹ̀sì kì í fẹ́ tẹ̀, bí họ́ọ̀bù kò bá sì yọ̀ lásìkò, ìdí ẹ́ńjìnnì ló máa gba ìyókù. Fún 115 hp lórí ọ̀sà Èkó, aluminiọ́mù ni kí ẹ rà, kí ẹ fi owó tó kù ra èkejì sí ọkọ̀. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ steńlẹ́ẹ̀sì, kí ó rí i pé irin kékeré tí iyọ̀ máa ń jẹ dípò ara ẹ́ńjìnnì ṣì wà níbẹ̀, kò sì tíì tán.

Ní ti àwọn tó ń fi iná wẹ́dà jó propẹ́là tó kán pọ̀: èyí tí wọ́n jó wúlò láti fi délé. Bí apá kan bá wúwo ju èkejì lọ, yóò máa gbọ̀n, gbígbọ̀n náà ló sì ń jẹ bíárìn àti síìlì.

Ìpele 6: Ní ọ̀dọ̀ olùtajà

Ẹ gbé propẹ́là àtijọ́ dání. Ẹ ka eyín tuntun, kí ẹ fi họ́ọ̀bù méjèèjì wéra. Ẹ gbé tuntun náà kalẹ̀ lórí tábìlì tó tẹ́jú, kí ẹ fi rúlà wọn gíga orí apá kọ̀ọ̀kan sí tábìlì. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ, ẹ dá a padà, ì báà ṣe tuntun nínú páálí. Ẹ bá olùtajà sọ ọ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín: bí ó bá wúwo jù tàbí fúyẹ́ jù, tí kò sì ní ojú ọgbẹ́, ṣé wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sórí rìsíìtì.

Ìpele 7: Bí ẹ ṣe máa so ó

Ẹ fi gíà sí àárín, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ okùn ìpanáa. Propẹ́là tó yí lójijì lè gé ìka. Ẹ fi igi pẹlẹbẹ sáàárín apá kan àti irin tó wà lókè rẹ̀ kí ó má bàa yí. Ẹ na píìnì, ẹ fà á yọ, ẹ tú nọ́ọ̀tì. Ẹ tò gbogbo wọ́ṣà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń jáde, kí ẹ ya fọ́tò wọn. Wọ́ṣà ńlá tó wà nínú lọ́hùn-ún, tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé tàbí kí wọ́n dojú rẹ̀ kodò. Láìsí i, propẹ́là á máa ti ara ẹ́ńjìnnì.

Ẹ wo ìdí ọ̀pá dáadáa. Okùn ìpẹja àti nọ́lọ́ọ̀nù máa ń wé mọ́ ibẹ̀, wọ́n á sì gé síìlì. Bí ẹ bá rí i, ẹ yọ ọ́ tán, kí ẹ sì ní kí mẹkáníìkì yẹ ọ́ìlì gíà wò. Bí ó bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọlé.

Ẹ fi gírísì pa ọ̀pá náà yíká, ẹ ti propẹ́là wọlé, ẹ tò wọ́ṣà padà. Ẹ fún nọ́ọ̀tì mọ́ ìwọ̀n tí ìwé ẹ́ńjìnnì sọ. Bí ihò píìnì kò bá ṣe déédéé, ẹ fún un sí i díẹ̀ títí yóò fi ṣe déédéé. Ẹ má tú u sẹ́yìn. Píìnì tuntun ni kí ẹ lò.

Ẹ̀rí: ẹ fi ọwọ́ yí i. Kò gbọ́dọ̀ ha nǹkan kan, kò sì gbọ́dọ̀ mì síwá-sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá wa ọkọ̀, ẹ tún yẹ nọ́ọ̀tì wò.

Ìpele 8: Ìdánwò ìkẹyìn, pẹ̀lú ẹni tó wà lórí okùn

Ẹ tún ìpele kẹta ṣe, pẹ̀lú ẹrù kan náà. Ẹ fi nọ́ńbà tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó fi ènìyàn sórí okùn, kí ó jẹ́ àgbàlagbà tó mọ omi wẹ̀, kì í ṣe ọmọ. Kí ẹlòmíràn yàtọ̀ sí awakọ̀ máa wo ẹ̀yìn.

Bí ó bá dìde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, tí rpm sì wà lókè 5300 nígbà tí ọwọ́ iná wà níwájú tán, propẹ́là ti bá ọkọ̀ mu. Bí rpm bá ṣì wà nísàlẹ̀, ẹ yọ íńṣì kan sí i. Bí ọkọ̀ fífúyẹ́ bá kọjá 6300, ẹ fi íńṣì kan kún un. Ọ̀ràn kan ń rú ènìyàn lójú: rpm wà níbi tó yẹ, síbẹ̀ ọkọ̀ kì í fẹ́ dìde. Kí ẹ tó náwó, ẹ gbé kúlà, kẹ́ẹ̀gì àti ẹnì kan lọ síwájú. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹbí kún lẹ́yìn ju bó ṣe yẹ lọ, bátìrì, epo àti àgbàlagbà, gbogbo wọn ló jókòó ti ẹ́ńjìnnì.

Nígbà tí ẹ bá padà lọ gbé ẹni tó ṣubú, ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ó tó sún mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Gíà tó wà ní àárín kò tó. Ọwọ́ ọmọ kan lè kan ọwọ́ iná.

Propẹ́là 19 àtijọ́ ńkọ́? Bí kò bá ní ọgbẹ́, ẹ kó o pa mọ́ sínú ọkọ̀ pẹ̀lú sípánà, píìnì méjì, nọ́ọ̀tì kan àti igi pẹlẹbẹ. Bí gẹdú bá kán tuntun lọ́nà Ìlàṣẹ, 19 á gbé yín délé. Ẹ má ṣáà fún un níná tán, nítorí pé gbogbo ẹbí ṣì wà nínú ọkọ̀.